Ó Ku Orí Kan

"Ó ku orí kan," ni alùpùpù náà wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bo orí kejì."

Ṣẹ̀gilọlá tún gbìyànjú. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di àṣíborí náà mú, ó gbé e lé àtàrí ọkùnrin tó jókòó lẹ́yìn alùpùpù rẹ̀, ó sì rọra ń fà á wálẹ̀. Kò kọjá iwájú orí. Ojú ọkùnrin náà ti wú tó bẹ́ẹ̀ tí ìpéǹpéjú òkè fi lẹ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀. Etí rẹ̀ ti le, ó pọ́n, ó ń dán. Nígbà tí àṣíborí kàn án létí, ó kérora, ó fẹ́ ṣubú.

"Ẹ má tì í mọ́, Màmá! Kò lè wọlé!" Àyọ̀ká, ìyàwó ọkùnrin náà, ló ń pariwo bẹ́ẹ̀. Ó di ọkọ rẹ̀ mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má baà já bọ́. Agolo èéfín tí wọ́n fi ń lé oyin ṣì ń rú nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Kò tíì pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí obìnrin náà sáré bọ́ sójú ọ̀nà Eléwùrà, tó ń ju apá méjèèjì sókè, tí Ṣẹ̀gilọlá fi tẹ bíréèkì. Abẹ́ àwọn pátákó oòrùn tó ń pèsè iná, tó bo ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ni tọkọtaya yìí to àpótí oyin wọn sí. Afẹ́fẹ́ àárọ̀ ti àpótí kan ṣubú, Akínkúnmi, ọkọ Àyọ̀ká, sì lọ gbé e nílẹ̀ láìwọ aṣọ olóyin rẹ̀. Oyin ta á lójú, lọ́rùn, létí, níbi tí kò ṣeé kà.

"Oyin ti ń ta á tipẹ́, kì í ṣe é báyìí," ni Àyọ̀ká wí. "Ọdún méje rèé tí a ti ń ṣe iṣẹ́ yìí."

"Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ara á máa gbà á, á máa gbà á, lọ́jọ́ kan á kọ̀ ọ́." Ṣẹ̀gilọlá gbé etí lé àyà ọkùnrin náà. "Ẹ ti pe ẹyẹ ilé ìwòsàn, ẹ̀rọ tó ń fò gbé aláìsàn?"

"Mo pè. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ yìí ti le jù, pé ẹyẹ kankan ò ní gbéra kó tó di ọ̀sán. Ọkọ̀ kan ṣoṣo tó wà nílẹ̀ ti lọ gbé aboyún. Wọ́n ní á tó wákàtí kan kó tó dé ọ̀dọ̀ wa."

Ṣẹ̀gilọlá kò sọ fún un pé ọkọ rẹ̀ kò ní wákàtí kan. Ọdún mọ́kànlá ló fi ṣe nọ́ọ̀sì kó tó bọ́ sídìí iṣẹ́ tó ń ṣe báyìí, etí rẹ̀ kò sì tíì gbàgbé bí ọ̀fun tó ń dí ṣe máa ń dún. Ìmí Akínkúnmi ń súfèé. Bí súfèé yẹn bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Kìlómítà mẹ́jọ ni ibi tí abẹ́rẹ́ tó lè gbà á là wà.

Ó gorí ìjókòó iwájú, ó tún tẹ bọ́tìnnì.

"Ó ku orí kan."

Irọ́ kọ́ ló ń pa. Ìjókòó ẹ̀yìn mọ ìwúwo èèyàn. Àṣíborí mọ ooru ara, okùn abẹ́ àgbọ̀n sì mọ ibi tí iṣan ti ń lù. Bí orí méjì bá wà lórí alùpùpù tí wọn kò bo ọ̀kan, ẹ̀rọ rẹ̀ kò ní yí táyà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìbáà ṣe alága ìlú ló gùn ún. Wọ́n ti fi ọ̀dà funfun kọ ìyókù òfin náà sára àpótí bátìrì, níbi tí ojú ẹni tó ń gùn kò ti lè yẹra fún un, bí wọ́n ti kọ ọ́ sára gbogbo alùpùpù tó wà ní ìlú Òkè-Àṣá: ẸNI TÓ BÁ TAN ÀGÁDÁGODO ORÍ YÓÒ FẸSẸ̀ RÌN FÚN ỌDÚN MẸ́TA.

"Màmá, ẹ̀yin kọ́ lẹ máa ń ṣí àṣíborí tó fọ́?" Àyọ̀ká ti rí àmì iṣẹ́ tó wà láyà ẹ̀wù rẹ̀. "Ẹ ṣáà mọ bí wọ́n ṣe ń tàn án. Ẹ máa mọ̀ ọ́n."

Ṣẹ̀gilọlá mọ̀ ọ́n. Gbogbo àṣíborí tó bá ti fara gba ìjàǹbá ní Òkè-Àṣá, orí tábìlì rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá. Yóò là á, yóò ka àwọn okùn tín-ín-rín inú rẹ̀, yóò sì sọ ibi tí ilẹ̀ ti gbá a, bó ti le tó, àti ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ sí agbárí ká ní kò sí níbẹ̀. Ó ti rí oríṣiríṣi ẹ̀tàn. Ẹnì kan ti dé e fún igbá omi gbígbóná. Ooru wà níbẹ̀, iṣan kò sí. Ẹnì kan ti dé e fún ewúrẹ́. Ọ̀kan ṣoṣo ló mọ̀ tó ń ṣiṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló sì rí i níbi tó ti ń dán àṣíborí wò ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò kọ ọ́ sínú ìwé.

Ọjọ́ tí kò yẹ kó lò ó rárá nìyí. Àpótí onírin tó so mọ́ iwájú alùpùpù, àṣíborí mẹ́ta tó ti fọ́ ló wà nínú rẹ̀. Ó ń gbé wọn lọ sí gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀ ìlú ni, níbi tí wọn yóò ti dìbò ní aago mẹ́wàá bóyá kí wọ́n yọ àgádágodo kúrò lára alùpùpù gbogbo. Òun ni ẹlẹ́rìí tí yóò gbèjà Òfin Orí Méjì.

Súfèé ọ̀fun ọkùnrin náà tún le sí i.

"Ẹ mú ọ̀já wá," ni Ṣẹ̀gilọlá wí. "Ìró, gèlè, ohunkóhun tó bá gùn. Ẹ dè é mọ́ mi lẹ́yìn bí ọmọ."

Àyọ̀ká já ìborùn rẹ̀ kúrò léjìká. Bó ṣe ń dè é ni Ṣẹ̀gilọlá tẹ ọwọ́ sẹ́yìn, ó fa orúnkún ọ̀tún Akínkúnmi síwájú, ó dé àṣíborí lé e, ó sì so okùn àgbọ̀n mọ́ ẹ̀yìn orúnkún, níbi tí ẹran ti rọ̀ tí iṣan ti ń lù bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn.

Ó tún tẹ bọ́tìnnì alùpùpù.

"Orí méjì pé. Ẹ kú ìrìn."

"Ẹ pe ilé ìwòsàn padà," ni Ṣẹ̀gilọlá ké sí Àyọ̀ká. "Ẹ sọ fún wọn pé oyin ló ta á, pé ọ̀fun rẹ̀ ń dí. Kí wọ́n dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abẹ́rẹ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kẹ́ ẹ máa bọ̀."

Ó sì lọ.

Alùpùpù náà lè sá ọgọ́rùn-ún kìlómítà ní wákàtí kan láìpariwo. Ní ọjọ́ mìíràn, Ṣẹ̀gilọlá a máa gùn ún bí ẹni tí ọ̀nà jẹ́ ti bàbá rẹ̀. Lónìí ó sá ogójì, ẹ̀rù bà á, ó dín in kù sí ọgbọ̀n. Ìmí ẹ̀yìn rẹ̀ tún fà, ó padà sí ogójì. Orí ọkùnrin náà wà léjìká rẹ̀, ó gbóná, ó wúwo, irun rẹ̀ ń ha á lọ́rùn. Láti ọdún mọ́kànlélógún tí òfin ti dé, kò tíì rí orí tí wọn kò bò lórí alùpùpù tó ń rìn. Ó ti gbàgbé bó ṣe máa ń rí. Bí ẹni gbé ẹyin sórí àpáta tó ń yí ni.

Kó tó di pé òfin dé, Wọ́ọ̀dù Orí ló ti ṣiṣẹ́. Ọgbọ̀n bẹ́ẹ̀dì ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn ló sì máa ń kún. Ẹni tí wọ́n bá gbé wá lẹ́yìn ìyẹn, orí ẹní ni. Bíríkìlà kan wà níbẹ̀, ọkùnrin tó síngbọnlẹ̀, tó fi orí gbálẹ̀ ní ìtòsí ilé ara rẹ̀. Láràárọ̀ ni yóò máa bi Ṣẹ̀gilọlá pé, "Nọ́ọ̀sì, ṣé mo ti jẹun?" nígbà tí abọ́ ṣì wà lórí itan rẹ̀ tí ẹ̀kọ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ló fi bi í. Ìyàwó rẹ̀ kọ́kọ́ ń wá lójoojúmọ́, ó wá ń wá lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tó yá kò wá mọ́.

"Bọ̀dá, ẹ máa mí," ni Ṣẹ̀gilọlá ń wí. "Ẹ má dá mi lóhùn. Ẹ ṣáà máa mí."

Ó ku díẹ̀ kí wọ́n dé ilé ìwòsàn. Wọ́n ti bọ́ kúrò lábẹ́ pátákó oòrùn, wọ́n ti dé orí òkè kékeré tí òrùlé ilé ìwòsàn ti hàn nísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti já tapólì orí ẹ̀gẹ́ ẹnì kan, ó sì gbá a kọjá ojú ọ̀nà. Ṣẹ̀gilọlá rí nǹkan búlúù tó dìde níwájú rẹ̀ bí ògiri. Ó yà fún un. Táyà wọ inú iyẹ̀pẹ̀, ó yọ̀.

Kò sí àyè láti ronú. Ó mọ̀ pé òsì ni àwọn ń ṣubú sí, ó sì na apá òsì sẹ́yìn, sábẹ́ orí tó wà léjìká rẹ̀, bí ìyá tí ń gba ọmọ. Ilẹ̀ gba ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni orí òun alára gbá etí gọ́tà, ó dún gbò-ó, ó sì gbọ́ tí nǹkan là lókè etí rẹ̀.

Fún ìgbà díẹ̀ kò sí ohun tó ń dún bí kò ṣe tapólì tó ń fẹ́ lọ. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ súfèé.

Ó tú ìborùn, ó bọ́ àṣíborí kúrò ní orúnkún Akínkúnmi, ó sì fi kọ́ ọwọ́ alùpùpù. Orí Akínkúnmi wà lórí apá rẹ̀. Kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí kókó, àfi ti oyin. Apá tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò fẹ́ tẹ̀ mọ́.

"Àṣíborí kìíní ti kú," ni alùpùpù wí láti ilẹ̀ tó sùn sí. "Ẹ má gùn mí. Ẹ lọ gba òmíràn."

"O ṣeun," ni Ṣẹ̀gilọlá dá a lóhùn. Òun ló gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí alùpùpù máa sọ bẹ́ẹ̀. Àṣíborí tó bá ti gba ìlù lẹ́ẹ̀kan kò lè gba ẹ̀ẹ̀kejì.

Ó fi ọwọ́ kan gbé alùpùpù dúró. Kò mọ bó ṣe rí agbára rẹ̀. Ó fa ọkùnrin náà dìde, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀ sórí ìjókòó bí àpò ìrẹsì, ó fi àyà tì í mú, ó sì jẹ́ kí ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́ máa fa àwọn mẹ́ta lọ. Àwọn tó dúró lẹ́nu ọ̀nà rí wọn, wọ́n sáré pàdé wọn. Ọ̀kan nínú wọn ti yọ abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó gún un sí itan láti orí aṣọ, níbẹ̀, láàárín títì.

Ṣẹ̀gilọlá jókòó sílẹ̀. Ó ń ka ìmí ọkùnrin náà. Nígbà tó ka ọgọ́ta, súfèé náà ti rẹlẹ̀. Nígbà tó ka igba, ó di ìmí lásán, irú èyí tí ẹnikẹ́ni kì í fetí sí.

Nọ́ọ̀sì tó gún abẹ́rẹ́ náà fi ọ̀já so apá Ṣẹ̀gilọlá kọ́rùn. "Eegun ìgbọ̀nwọ́ yín ti là, Màmá. Ẹ ò gbọdọ̀ kúrò níbí." Ó wo orí Akínkúnmi yípo, ó sì mi orí ara rẹ̀. "Ẹ ṣubú, orí rẹ̀ ò sì ha. Ẹ ṣé tẹ́ ẹ bò ó dáadáa."

Ṣẹ̀gilọlá wo àṣíborí tó ń fì lọ́wọ́ alùpùpù, ó sì dìde.

Gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀ kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ó ṣèlérí pé òun yóò padà wá, ó bẹ̀ wọ́n kí ẹnì kan bá òun gbé àpótí onírin náà síwájú, òun sì gbé àṣíborí méjì, tirẹ̀ tó ti là àti èyí tó ti wà ní orúnkún Akínkúnmi. Lójú ọ̀nà ló ti ro ọ̀rọ̀ náà. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Àyọ̀ká kò ní sọ. Akínkúnmi kò ríran. Inú àṣíborí kejì nìkan ni ẹ̀rí wà, nínú okùn tín-ín-rín tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé iṣan tó ń lù kì í ṣe ti àgbọ̀n, ẹnì kan ṣoṣo ló sì lè ka okùn yẹn ní gbogbo Òkè-Àṣá. Òun náà ni.

Bó bá dákẹ́, á jẹ́rìí, òfin á dúró, orí ẹgbẹẹgbẹ̀rún á sì wà láàbò. Bó bá sọ ọ́, ó ti fi ọ̀kọ̀ lé ọ̀tá lọ́wọ́. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó rí i pé ibi kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ náà ń parí sí. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló ti fi ń sọ ohun tí àṣíborí bá sọ, bí kò tilẹ̀ dùn mọ́ ẹni tó ni ín. Ìdí tí ìlú fi ń gbà á gbọ́ nìyẹn. Kò sí ìdí mìíràn.

Nígbà tó wọlé, Kánsẹ́lọ̀ Gbọ́lágadé ló ń sọ̀rọ̀. Òun ló gbé àbá náà wá, ọkùnrin tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, tí kì í bú ẹnikẹ́ni.

"Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má dé àṣíborí," ló ń wí. "Èmi náà ń dé e. Ohun tí mo ń sọ ni pé a ti gbọ́n. Wọ́ọ̀dù Orí ti di yàrá ìgbẹ̀bí. Ọdún mẹ́fà rèé tí ẹnikẹ́ni ò kú nípa orí nílùú yìí. Ṣé ẹni tí ara rẹ̀ ti yá ló tún ń lo oògùn títí ayé? Ẹ jẹ́ ká yọ àgádágodo, ká fi ọgbọ́n sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ẹ fọkàn sí ohun tí mo wí, àgádágodo yìí á ti ẹnì kan mọ́lé nígbà tó yẹ kó jáde."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Àlàájà Múínátù, ẹni àádọ́rin ọdún tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀, rí Ṣẹ̀gilọlá lẹ́nu ọ̀nà.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ pẹ́. Kí ló ṣe yín lápá?"

"Màá sọ ọ́, Àlàájà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tí mo wá sọ."

Wọ́n gbé àga fún un, kò jókòó. Ó ní kí wọ́n to àwọn àṣíborí mẹ́ta náà sórí tábìlì.

"Ẹ̀rí Kánsẹ́lọ̀ ni pé Wọ́ọ̀dù Orí ṣófo," ló bẹ̀rẹ̀. "Mo wà níbẹ̀ nígbà tó kún. Ọgbọ̀n bẹ́ẹ̀dì. Lọ́dún kejì òfin, ó di méjìlá. Lọ́dún karùn-ún, mẹ́rin. Ọ̀nà ò yípadà, ewúrẹ́ ò yéé sọdá. Àwọn èèyàn ṣì ń ṣubú. Ọ̀tàlérúgba àṣíborí ni mo ṣí lọ́dún tó kọjá nìkan. Wọ́n ń ṣubú, wọ́n sì ń dìde. Ẹsẹ̀ ń kán, apá ń kán, a sì ń tò ó. Orí ni a ò lè tò." Ó fọwọ́ kan àṣíborí àkọ́kọ́. "Ẹni tó dé èyí ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò lónìí. Ẹni tó dé ìkejì ń rojọ́ ní kóòtù. Ẹni tó ni ìkẹta bímọ lóṣù tó kọjá."

"A ò jiyàn ìyẹn," ni Kánsẹ́lọ̀ Gbọ́lágadé wí. "Wọ́n á ṣì máa dé e."

"Ohun tí ìlú Agbóbì tó wà ní òdìkejì odò sọ nìyẹn. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n yọ àgádágodo tiwọn. Lóṣù àkọ́kọ́, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ṣì ń dé e. Nígbà tí òjò dé, ó ku mẹ́rin. Kì í ṣe pé wọ́n gọ̀. Ó gbóná, ọjà ò jìnnà, ẹ̀ẹ̀kan péré ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dirun. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé àwọn tó forí pa wá báyìí. Mo lọ wò wọ́n lánàá. Méje ni wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn bi mí lẹ́ẹ̀mẹ́rin bóyá ìyá òun ti dé. Ìyá rẹ̀ ló jókòó tì í."

Ṣẹ̀gilọlá mọ̀ nígbà yẹn pé òun ti borí. Ó rí i lójú wọn. Ká ní ó jókòó, ìbò ti wọlé.

Ó gbé àṣíborí tirẹ̀ tó là sórí tábìlì.

"Èyí ni mo dé wá láàárọ̀ yìí. Mo ṣubú lórí òkè ilé ìwòsàn, mo forí gbá gọ́tà. Bí kò bá sí i, ẹ̀ bá máa wá ẹlẹ́rìí mìíràn. Mo gbé ẹnì kan sẹ́yìn." Ó gbé ìkejì tì í. "Èyí sì ni tirẹ̀. Kò sí lórí rẹ̀. Orúnkún rẹ̀ ni mo dé e sí."

Kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ yé. Ó wá sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: oyin, ojú tó wú, ẹyẹ tí kò lè gbéra, ọ̀fun tó ń dí, alùpùpù tó kọ̀. Ó ṣàlàyé ibi tí iṣan ti ń lù lẹ́yìn orúnkún, kí àwọn oníṣẹ́ lè rí i dí. Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n gbọ́ orúnkún. Kánsẹ́lọ̀ Gbọ́lágadé kò rẹ́rìn-ín. Ó ti dìde.

"Àlàájà, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ohun tí mo wí ò tíì tutù. Ẹni tó ń ṣọ́ òfin ló ti já a, ó sì tọ̀nà bó ti já a! Bí kì í bá ṣe pé ó mọ ẹ̀tàn, ọkùnrin yẹn ti kú. Ẹlòmíràn tí kò mọ̀ ọ́n ńkọ́?"

"Á kú," ni Ṣẹ̀gilọlá dáhùn. "Ibi tẹ́ ẹ ti tọ̀nà nìyẹn, Kánsẹ́lọ̀. Ìlẹ̀kùn tí kò ní ọ̀nà àbáyọ kì í ṣe ààbò. Ó yẹ ká ti mọ̀ ọ́n ní ọdún mọ́kànlélógún sẹ́yìn, ó sì yẹ kí èmi náà ti sọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká fi bọ́tìnnì kan sí i, pupa, tẹ́nikẹ́ni lè tẹ̀ nígbà ìpọ́njú."

"Wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́ lọ sọ́jà."

"Kó má sá ju ọgbọ̀n lọ. Kó máa ké fèrè kí gbogbo ayé gbọ́. Kó pe ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀, kó má sì gba ibòmíràn lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ra tòmátì bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ó lọ bá àwọn nọ́ọ̀sì rà á."

Ẹ̀rín tún sọ, ti Kánsẹ́lọ̀ Gbọ́lágadé náà wà níbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n Ṣẹ̀gilọlá kò tíì parí. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀.

"Kìlómítà mẹ́jọ ni mo gùn pẹ̀lú orí tí mi ò bò. Mo tún lè ṣe é lọ́la bí ẹ̀mí bá ń lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí táyà yọ̀, apá kan ṣoṣo ni mo fi gba orí ọmọ ọlọ́mọ. Oríire ni mo jẹ. Ẹ má fi oríire ṣòfin fún ìlú."

Wọ́n dìbò. Àwọn mọ́kàndínlógún ló wà nínú ìgbìmọ̀. Àwọn mẹ́rìndínlógún nawọ́ pé kí àgádágodo dúró, kí bọ́tìnnì pupa sì wọ̀ ọ́ kó tó di òpin oṣù. Kánsẹ́lọ̀ Gbọ́lágadé wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì na òun náà sókè, ó di mẹ́tàdínlógún.

"Ó ku ọ̀rọ̀ kan," ni Àlàájà Múínátù wí. "Òfin wà lára alùpùpù yín, Nọ́ọ̀sì. Ọdún mẹ́ta."

"Mo kà á kí n tó gbéra, Àlàájà."

"A lè fọwọ́ bò ó."

"Ẹ má bò ó. Bẹ́ ẹ bá bò ó fún mi, kí lẹ máa sọ fún ẹni tó dé e fún ewúrẹ́?"

Àwọn àgbà forí korí. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n dín ọdún mẹ́ta náà kù sí ọdún kan, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ló jẹ́wọ́. Ṣẹ̀gilọlá yọ kọ́kọ́rọ́ alùpùpù lápò, ó fi lé Àlàájà lọ́wọ́. Ó dùn ún. Ìlú náà gbòòrò, ilé rẹ̀ sì jìnnà síbi iṣẹ́. Síbẹ̀, bó ṣe ń jáde lọ, ó gbórí sókè bí ẹni tó ti sọ ẹrù kalẹ̀.

Ó padà sí ilé ìwòsàn kí wọ́n lè to eegun apá rẹ̀. Lórí bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni Akínkúnmi ti dìde jókòó, ojú rẹ̀ kan ti là, ìkejì ń gbìyànjú. Àyọ̀ká ti dé, ó ń bu omi fún un. Nígbà tó rí Ṣẹ̀gilọlá, ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì.

"Ẹ dìde, ẹ dìde," ni Ṣẹ̀gilọlá wí. "Ẹ jẹ́ kí n jókòó síbi kan."

Akínkúnmi fi ojú kan wò ó. "Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ gbé mi wá. Mi ò rántí nǹkan kan, Màmá, àfi òórùn aṣọ yín. Kí niṣẹ́ yín?"

"Mo máa ń ṣí àṣíborí tó bá fọ́."

"Háà." Ọkùnrin náà ronú sí i. Ètè rẹ̀ ṣì wú, ọ̀rọ̀ sì ń lọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Kí n má purọ́ fún yín, mi ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ó máa ń gbóná jù."

Àyọ̀ká gbá a léjìká. "Ẹ gbọ́ ohun tó ń sọ!"

Ẹ̀rín gbé Ṣẹ̀gilọlá, ẹ̀rín gidi, títí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ tó là fi ń ro ó, tó sì ní láti fi ọwọ́ kejì dì í mú.

"Ó gbóná lóòótọ́," ló wí nígbà tó lè sọ̀rọ̀. "Ẹ ṣáà máa dé e."